Eérú Lórí Ààrò Awẹ́ró

Ẹ wọlé, ẹ jókòó, ẹ̀yin ará Ìdí-Ahùn. Òjò tó ń rọ̀ yìí kò ní dá bọ̀rọ̀. Ẹran inú igbó pàápàá ti wọ ihò lọ, kò sí ẹni tó ń lé yín. Ẹni tó bá fẹ́ súnmọ́ mi kó súnmọ́. Ẹni tó bá ń wo ọwọ́ mi tí mo fi aṣọ dì, kó gbójú kúrò níbẹ̀, nítorí ẹnu ni ìtàn ti ń jáde, kì í ti ọwọ́ jáde. Èmi àlejò yín láti àná, tí ẹ ń wò bí àga tó ti gbó yìí, mo ti pa ẹfọ̀n tí ìwo rẹ̀ kò lè gba ẹnu ọ̀nà ilé yín wọlé. Mo ti bá iwin ja ìjàkadì, mo dá a mọ́lẹ̀, ó dìde, ó sì kí mi kú iṣẹ́. Ẹni tó bá ní irọ́ ni, kó lọ bi iwin náà.

Ọdẹ́lànà, ìwọ ni ọ̀rọ̀ mi bá wí. O ní ọ̀la ni o ń wọ igbó lọ, o ní ọjọ́ méjìlá gbáko ni o máa lò, gbogbo wọn sì ń pàtẹ́wọ́ fún ọ. Mo rí Àjíún ìyàwó rẹ láàárọ̀ yìí pẹ̀lú oyún nínú, tó ń gbọ́n eérú sínú igbá. Gbogbo wa la mọ ohun tí eérú yẹn wà fún. Ní ilẹ̀ wa, bí ọdẹ bá ti ki ẹsẹ̀ bọ igbó, ìyàwó rẹ̀ á da eérú bo ààrò, kò sì ní dáná mọ́ títí ọkọ á fi dé, nítorí wọ́n ní ẹran a máa gbọ́ òórùn èéfín ilé ọdẹ lára ọdẹ. Kò gbọ́dọ̀ jẹ gbígbóná nílé ẹlòmíràn pẹ̀lú. Ẹ̀kọ tútù, gààrí tí a fi omi àmù rẹ, èkuru àná, òun ni yóò máa jẹ. Bí a ṣe bá a nìyẹn, ẹnu mi kò sì gbà á pé irọ́ ni. Ṣùgbọ́n kí Àjíún tó da eérú yẹn, ẹ jẹ́ kí n sọ ti ọdẹ kan fún yín, Ọdẹ́rìndé lorúkọ rẹ̀, ará Ìgbẹ́lẹ̀yìn. Ibẹ̀ jìnnà sí ibí. Kò sí ẹni tó dé ibẹ̀ rí nínú yín.

Ọdẹ ni Ọdẹ́rìndé, kì í ṣe àwọn tó ń fi ìbọn lé adìẹ. Ohun tó sì fi ń yangàn jù ni pé ó lè pẹ́ nínú igbó. Bí ọdẹ mìíràn bá lo ọjọ́ márùn-ún, òun á lo mẹ́wàá. Lọ́dún kan, ó lo ọjọ́ mọ́kàndínlógún, wọ́n gbé e jó yí abúlé ká nígbà tó dé. Ó fẹ́ràn Awẹ́ró aya rẹ̀ ju ìbọn rẹ̀ lọ, ẹ̀yin ọdẹ sì mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ńlá ni mo sọ yẹn. Awẹ́ró ní ẹ̀rín kan tó máa ń bẹ̀rẹ̀ nínú imú kó tó dé ẹnu. Bí Ọdẹ́rìndé bá wà lórí ẹ̀gùn lókè igi tí kò rí nǹkan pa, ẹ̀rín náà ló máa ń rántí, inú rẹ̀ á sì dùn. Kò rántí rí láti bi ara rẹ̀ pé kí ni ẹlẹ́rìn-ín náà ń jẹ nílé. Obìnrin náà kò sì ráhùn. Ó ń da eérú, ó ń jẹ tútù, ó ń retí ọkọ. Ọdún méje ni wọ́n lò báyẹn.

Lọ́dún keje, Ọdẹ́rìndé ti igbó dé, ó bá aya rẹ̀ lórí ẹní. Ojú rẹ̀ ti wọnú, ara rẹ̀ ti rù. Ohun tó bá gbé mì ń padà wá bó ṣe lọ. Ọkọ gbá eérú kúrò, ó dáná, ó gbé omi ka iná kó lè fi po ẹ̀kọ mímu fún un. Iná ń jó. Igi ń ta pàrà. Láti àárọ̀ títí oòrùn fi kàn tàrí, omi kò hó. Ó ti ọwọ́ bọ inú ìkòkò, àfi bí ẹni ti ọwọ́ bọ odò lásìkò ọyẹ́. Ó mú igi kan náà lọ sí ààrò aládùúgbò, omi hó kíá. Ó ní kí wọ́n bu omi náà fún Awẹ́ró, kó tó kọjá ẹnu ọ̀nà, ó ti di yìnyín nínú ife. Ẹ̀rù ba Ọdẹ́rìndé. Ọkùnrin tí ẹkùn kò bà lẹ́rù rí, omi tí kò hó ló bà á lẹ́rù.

Wọ́n ránṣẹ́ pe Ìyá Eléwé, arúgbó tó mọ egbò tó mọ ewé. Ó gbé ọwọ́ lé ikùn Awẹ́ró, ó sì yára fa ọwọ́ kúrò.

“Ọdẹ́rìndé ọmọ mi,” ó ní, “ààrò kan wà nínú ikùn gbogbo ẹni tó ń mí. Ti aya rẹ ti kú. Èmi kò ní ewé rẹ̀.”

“Ìyá, ta ló ní in?”

“Arúgbó kan ń gbé ní òpin Igbó Ọ̀ginnìtìn. Ó ti ilẹ̀ Ṣáínà wá, níbi tí oòrùn ti ń kọ́kọ́ yọ. Baba Lìn ni wọ́n ń pè é. Òun ló mọ bí a ti ń tan ààrò inú padà. Ṣùgbọ́n òṣùpá àrànmọ́jú ló wà lókè báyìí. Bí tuntun bá fi lé kí o tó padà dé, má wulẹ̀ sáré mọ́.”

Ọdẹ́rìndé kò bi í ní ìbéèrè kejì. Ó gbé ṣakabùlà rẹ̀, ó gbé àpò, ó dọ̀bálẹ̀ fún Ìyá Eléwé, ó fọwọ́ kan orí Awẹ́ró, ó ní kí àbúrò Awẹ́ró máa tọ́jú rẹ̀, ó jáde. Bó ti dé ẹ̀yìnkùlé, ó gbọ́ ìró kan láti ilé ìdáná, ṣàààà, bí ìgbà tí wọ́n da nǹkan sílẹ̀. Kò wẹ̀yìn. Ọdẹ tó ń lọ kì í wẹ̀yìn. Ẹ fi ìró yẹn pamọ́ fún mi, màá béèrè rẹ̀ lọ́wọ́ yín.

Igbó Ọ̀ginnìtìn kì í ṣe igbó tí ẹ ń wọ̀ yìí tí ẹ ń fi fèrè súfèé. Igi ibẹ̀ kò ní òjìji. Ẹyẹ ibẹ̀ a máa bà lórí ẹ̀ka, á sì gan síbẹ̀ bí òkúta, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ á máa yí tẹ̀ lé ọ. Ohùn kan ń tẹ̀ lé Ọdẹ́rìndé láti ẹ̀yìn igi dé ẹ̀yìn igi, ó ń sọ pé, “Tútù, tútù, tútù.” Ó pe ọfọ̀, ohùn náà gba ọfọ̀ náà, ó sì ń fi kọrin.

Báyìí ló ṣe wọ ìlú kan tí wọ́n ń pè ní Àjẹgbé. Ẹ̀yin ará, ẹ má rí i o! Ikùn àwọn ará ìlú náà wọ́lẹ̀ débi pé wọ́n ń fi okùn wọ́ ọ tẹ̀ lé ara wọn. Oúnjẹ ni wọ́n ń jẹ láti àárọ̀ ṣúlẹ̀, tútù ni gbogbo rẹ̀, wọn kì í rún un lẹ́nu, wọn kì í sọ̀rọ̀ bí wọ́n ti ń jẹ ẹ́. Wọ́n mú Ọdẹ́rìndé lọ síwájú ọba wọn, tí ọwọ́ rẹ̀ kò dé ẹnu ara rẹ̀ mọ́, ìránṣẹ́ méjì ló ń fi oúnjẹ sí i lẹ́nu.

Ọba ní, “Àlejò, dá mi lóhùn, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ wàá di ẹran ọbẹ̀. Kí ni ó ń wọlé tí kì í kí onílé?”

Ọdẹ́rìndé wo ẹnu ọba tó ń gbé mì láìjẹ, ó ní, “Kábíyèsí, òkèlè tí a kò rún ni.”

Gbogbo wọn hó yèè, wọ́n gbé òkèlè mẹ́wàá síwájú rẹ̀ pé kó jẹ ẹ́ tán. Ebi sì ń pa á, olówó èlé ni ebi, kì í gbọ́ ẹ̀bẹ̀. Ó jẹ ọ̀kan, ó jẹ méjì, ó dé orí ìkeje, ẹnu rẹ̀ ṣì ń dá itọ́ sí ìkẹjọ. Àfi pàà! Ọkùnrin tó jókòó tì í bẹ́. Kò pariwo, kò kérora. Àwọn aládùúgbò rẹ̀ mú ọwọ̀ àti apẹ̀rẹ̀, wọ́n gbá a kúrò, wọ́n sì jókòó ti abọ́ rẹ̀, wọ́n ń jẹ ẹ́ lọ. Ọ̀nà ọ̀fun, ọ̀nà ọ̀run. Ọdẹ́rìndé dìde kúrò nídìí òkèlè mẹ́ta tó kù. Ṣé ẹ rí mẹ́ta yẹn? Òun ló gba ẹ̀mí rẹ̀ là, nítorí ẹni tó bá fi ààyè sílẹ̀ nínú ikùn nìkan ni ẹnu ibodè wọn gbà kọjá. Ṣùgbọ́n oníbodè ń sùn oorun àjẹyó, ọjọ́ mẹ́rin gbáko ló gbà kó tó jí. Ọjọ́ mẹ́rin! Ọdẹ́rìndé ń rìn síwá sẹ́yìn níbẹ̀, ó ń wo òṣùpá tó ń jẹrà lókè.

Ọ̀nà ṣì kù. Ó dé odò kan tí afárá rẹ̀ jẹ́ pákó márùn-ún, obìnrin márùn-ún sì dúró lẹ́bàá rẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú ahá. Ti èkíní, oyin. Ti èkejì, omi ọsàn wẹ́wẹ́. Ti ẹ̀kẹta, omi ewúro. Iyọ̀ ni ti ẹ̀kẹrin, ata ni ti ẹ̀karùn-ún. Ẹni tí kò bá tọ́ wọn wò, pákó kò ní gbà á. Eléyín funfun ni olóyin, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ní, “Wá, ọkọ mi, tèmi nìkan tó ọ.” Egungun àwọn tó gbà á gbọ́ wà nísàlẹ̀ odò, oyin ṣì ń kán lẹ́nu wọn. Ọdẹ́rìndé bu ẹ̀kún ẹnu kan nínú ahá kọ̀ọ̀kan, ó ń tẹ pákó kọ̀ọ̀kan. Nígbà tó dé ọ̀dọ̀ eléwúro, ó mu, ojú rẹ̀ ṣomi. Obìnrin náà wò ó lójú pẹ̀lú àánú, ó ní, “Ọdẹ, ọjọ́ mélòó ni o ti kúrò nílé? Eérú ń ga o.”

“Eérú wo?” ni Ọdẹ́rìndé fi ìbínú béèrè. “Ṣé mo bá ọ sọ̀rọ̀ eérú ni?”

Ọdẹ́rìndé sì kọjá lọ, ó ń kùn. Ẹ ò rí nǹkan? Wọ́n ń sọ fún un, kò gbọ́. Agbọ́ ìró ẹran ni etí rẹ̀ ń jẹ́ látijọ́.

Lọ́jọ́ kọkànlá, ó dé ahéré Baba Lìn. Òtútù ibẹ̀ kì í ṣe kékeré, ṣùgbọ́n ahéré náà móoru. Arúgbó tẹ́ẹ́rẹ́ kan jókòó síbẹ̀ pẹ̀lú irùngbọ̀n funfun, ó ń mu omi gbígbóná díẹ̀díẹ̀. Yorùbá ẹnu rẹ̀ já gaara, iwin ló kọ́ ọ. Ọdẹ́rìndé kò tíì dọ̀bálẹ̀ tán tó fi bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo pé kó fún òun ní oògùn, kó yá, kó yá.

“Jókòó ná,” ni Baba Lìn wí. “Ẹni tí inú ń bí kì í jẹun nílé mi. Oúnjẹ tí a fi ìbínú gbé mì, ìjà ló ń bá ikùn jà.”

Ó dúró títí èémí ọdẹ fi rọlẹ̀, lẹ́yìn náà ló bu ẹ̀kọ jéró fún un, atalẹ̀ wà nínú rẹ̀, ooru ń jáde lórí rẹ̀. Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ ni à ń lá ọbẹ̀ gbígbóná, Ọdẹ́rìndé lá a, ó sì dà bí ẹni pé ẹnì kan tan fìtílà sí i nínú.

“Ìkòkò ni ikùn,” ni arúgbó náà wí, “iná kékeré kan ló sì wà lábẹ́ rẹ̀. Àwọn baba wa níbi tí mo ti wá kọ́ wa pé kí a fún un ní gbígbóná láàárọ̀ tó bá jí, kí a má jẹ́ kí àsìkò oúnjẹ máa ṣáko, kí a fi ẹnu rún un kí ikùn má bàa ṣe iṣẹ́ ẹnu, kí a má kún un dé etí. Ẹ̀yin Yorùbá, ẹ fẹ́ràn tútù. Ẹ ní kí ilé tutù, kí ọ̀nà tutù, kí ọkàn tutù. Ó dára, àdúrà rere ni. Ikùn nìkan ni kí ẹ má fi í súre fún. Ẹni tó bá ń da tútù lé iná kékeré yẹn lójoojúmọ́, ọjọ́ kan ni kò ní jó mọ́. Kí ni aya rẹ ń jẹ?”

“Ẹ̀kọ tútù, Baba. Gààrí. Nígbà tí mo bá wà nígbó ni o.”

“Ṣé o máa ń pẹ́ nígbó?”

Fún ìgbà àkọ́kọ́ láyé rẹ̀, Ọdẹ́rìndé kò lè fi ọjọ́ mọ́kàndínlógún yangàn. Ó dojú bolẹ̀.

“Ní báyìí tí o wà níhìn-ín,” ni Baba Lìn wí jẹ́jẹ́, “ta ló ń dáná fún un?”

“Kò sí, Baba. Èèwọ̀ ni. Mo wà nígbó. Àbúrò rẹ̀ ti da…”

Ìró yẹn, ṣàààà, tó gbọ́ lẹ́yìnkùlé! Ẹ̀yin ará, ẹ rántí rẹ̀? Eérú ni. Òun ló ń wá iná kiri, òun náà ló sì fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ pa iná bó ti ń jáde. Ọjọ́ mọ́kànlá tó ń jìyà nínú igbó yìí, ọjọ́ mọ́kànlá ni aláìsàn tí ikùn rẹ̀ ti kú fi ń jẹ tútù. Ọdẹ́rìndé fi orí gbá ilẹ̀, ó ké bí ẹran tí ìbọn bà tí kò kú.

Baba Lìn gbé abọ́ rẹ̀ sílẹ̀. Ó dìde lọ sídìí ààrò, ó sì mú ẹ̀yín iná kan, pupa fòò. Ó ní láti ilé àwọn baba òun ni iná náà ti wá, kò kú rí láti ìgbà tí òun ti fi òkun sẹ́yìn.

“Bí o bá gbé e sínú ìkòkò, á kú. Bí o bá gbé e kalẹ̀, á kú. Ọwọ́ ẹni tó pa iná nìkan ló lè gbé e délé. Níwọ̀n ìgbà tó bá ṣì ń jó ọ, ó wà láàyè. Ọjọ́ tí kò bá jó ọ mọ́, sọ ọ́ nù.”

Ọdẹ́rìndé na ọwọ́ méjèèjì. Mi ò ní sọ bó ṣe rí. Ẹni tó bá ti fọwọ́ kan ìkòkò ọbẹ̀ rí, kó rò ó fúnra rẹ̀. Ó sáré. Ó fi ìbọn rẹ̀ sílẹ̀ nílé Baba Lìn, nítorí kò sí ọwọ́ tí yóò fi gbé e, kò sì rántí rẹ̀ títí dòní. Eléwúro ti ọ̀nà sílẹ̀ fún un lórí afárá. Àwọn ará Àjẹgbé na ọwọ́ sí i pé, “Fún wa ní iná, oúnjẹ wa tutù,” ó gba àárín wọn kọjá bí afẹ́fẹ́. Bí oró náà bá fẹ́ rọlẹ̀, á fẹ́ atẹ́gùn sí i kó lè tún jó òun. Ẹ gbọ́ ná, ọkùnrin tó ń bẹ iná pé kó jó òun! Ọjọ́ mẹ́ta ló fi sáré ìrìn ọjọ́ mọ́kànlá. Nígbà tó wọ Ìgbẹ́lẹ̀yìn, oòrùn ti ń lọ wọ̀, òṣùpá tuntun kò sì tíì lé.

Àwọn ọdẹ dúró lójú ọ̀nà, wọ́n ní, “Ọdẹ́rìndé, ẹran dà? Kọ́kọ́ wá jẹ́ iṣẹ́ ìrìn rẹ fún wa.” Ó fi èjìká tì wọ́n dànù, ó wọ ilé ìdáná. Eérú tí wọ́n fi igbá kan dà ti ga dé ìbàdí rẹ̀. Ó fi ẹsẹ̀ wà á, ó fi ìgbọ̀nwọ́ wà á, ó fi àyà tì í, títí ó fi kan òkúta ààrò mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ó tu ẹ̀yín iná náà síbẹ̀ pẹ̀lú awọ ọwọ́ rẹ̀. Iná gbà. Omi hó! Ó hó gùdùgùdù, gbogbo ilé gbọ́ ọ.

Ó po ẹ̀kọ jéró, ó gún atalẹ̀ sí i, ó gbé Awẹ́ró jókòó, ó tì í sí àyà. Ó fi ọrùn ọwọ́ di ṣíbí mú. Obìnrin náà lá èkíní. Kò padà wá. Ó la ojú.

“Ó gbóná,” ó ní.

Ó lá èkejì, ó lá ẹ̀kẹta. Ẹ̀rín náà bẹ̀rẹ̀ nínú imú rẹ̀, ó dé ẹnu rẹ̀. “Ọkọ mi, ó gbóná. Ó ti pẹ́.” Ọdẹ́rìndé ń sunkún, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń sọ fún un pé lọ́la, gbígbóná, lọ́túnla, gbígbóná, òun kò ní wọ igbó mọ́ láéláé. Ó lá ìkeje, ó mi orí pé ó tó. Ó gbé orí lé ọkọ léjìká.

Ìyá Eléwé ka ọjọ́ pé, ṣùgbọ́n kò ka eérú mọ́ ọn. Kí oòrùn tó wọ̀ tán, Awẹ́ró ti lọ. Abọ́ náà ṣì ń rú ooru lórí itan mi.

Kí ló dé tí ẹ ń wo ara yín? Bẹ́ẹ̀ ni. Mo ní itan mi. Ọdẹ́lànà, tú aṣọ yìí fún mi, ọwọ́ mi kò lè tú u. Ó dára. Ẹ wò ó nísinsìnyí, ẹ wò ó dáadáa, ẹ̀yin tí ẹ ti ń yọ́ ọ wò láti àná. Ọmọ ìka kan kò lè ká mọ́. Ìdí nìyẹn tí n kò gbé ìbọn, kì í ṣe ọjọ́ orí.

Àjíún, níbo lò ń lọ nínú òjò? Ọdẹ́lànà, má dá a dúró! Mo ní má fọwọ́ kàn án! Ẹ jẹ́ kó lọ. Ó gbé igbá eérú náà. Ó dà á nù sínú àgbàrá. Ẹ wo ẹnu ọ̀nà ilé ìdáná rẹ̀, ẹ wo èéfín. Bí ẹran bá gbọ́ òórùn rẹ̀ lára rẹ lọ́la, Ọdẹ́lànà, kó sá. Ẹran mìíràn wà.

Ó ti ń padà bọ̀. Ẹ̀kọ mímu ni? O ṣeun, ọmọ mi. Ìwọ kọ́kọ́ mu, ẹni méjì ni ìwọ. Ó tó, gbé ìyókù wá. Fi sí mi lẹ́nu, n kò lè di ife mú.

Ó gbóná.